Nótíìsì Tí Wolé-wolé Kọ Fún Ara Rẹ̀

Nínú ìwé ètò ìsìnkú tí a tẹ̀ fún bàbá mi àgbà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá, pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó kọ ọ́ kò bá wọn gbé rí. Èmi Fúnmiláyọ̀ bá wọn gbé fún ọdún mọ́kànlá nínú ilé wọn ní àdúgbò Àìlégún, mo sì lè fi Bíbélì búra pé kò sẹ́ni tí Bàbá kò bá jà. Wọ́n bá pásítọ̀ jà nítorí ilé ìyàgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bá oníbúrẹ́dì jà nítorí èékánná. Wọ́n bá ìyá mi àgbà jà nítorí ìdérí ìkòkò títí ìyá náà fi ṣáájú wọn lọ sọ́run, bóyá láti lọ sinmi. Ká ní Bàbá rí ìwé ètò yẹn ni, báírò pupa ni wọn ì bá fi fa ìlà gba ọ̀rọ̀ "jẹ́jẹ́" kọjá.

Wolé-wolé ni Bàbá. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá ayé yẹn, wolé-wolé ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń wọ ilé onílé lọ wo ìdọ̀tí: yóò ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, yóò wo ẹ̀yìnkùlé, bí ibẹ̀ kò bá sì dára, yóò kọ nótíìsì lé onílé lọ́wọ́. Ìjọba fún Bàbá ní ìwé ìfẹ̀yìntì, wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí ẹni tó rán wọn mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo kọ́kọ́ mú wálé, Bàbá kò béèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà, kó gbé ẹsẹ̀ sókè kí àwọn wo gìgísẹ̀ rẹ̀. Ọmọ èèyàn gbé ẹsẹ̀ sókè, ó di tábìlì mú, òógùn ń bọ́. Nígbà tó lọ tán, tí kò sì padà wá mọ́, mo sunkún, Bàbá sì fi ẹ̀kọ́ pẹ̀ mí: "Fúnmi, ẹnu lè purọ́, gìgísẹ̀ kì í purọ́."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fín ló wá sọ wọ́n di olókìkí ní àdúgbò. Lẹ́yìn òpópónà wa, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, kí wọ́n lè rí òjé inú rẹ̀ kó lọ sókè òkun. Àwọn òyìnbó ló ni ín. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sọ́dọ̀ wa, eérú dúdú kan á bà sórí aṣọ tí a sá, sórí omi, sórí ẹ̀wà tí a ń ṣà. Àwọn aládùúgbò yòókù ń ké, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń ti fèrèsé. Bàbá ra áńkáṣífù funfun. Ní àárọ̀ gbogbo wọn á fi ọ̀kan nu gíláàsì fèrèsé pálọ̀, wọ́n á lẹ bébà kékeré mọ́ ọn, wọ́n á kọ ọjọ́, wákàtí, àti ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, wọ́n á sì fi í kọ́ sórí okùn tí wọ́n ta sí ara ògiri. Níbi tí àwọn ìdílé mìíràn ń fi fọ́tò ìgbéyàwó sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aṣọ dúdú ló wà ní tiwa. Àlejò á wọlé, á jókòó, á wojú ògiri, á béèrè bóyá à ń ṣọ̀fọ̀ ni. Bàbá á ní, "Ẹ̀rí ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ohun tó ń bí Bàbá nínú jù kì í ṣe ẹ̀fín fúnra rẹ̀. Mílíìkì ni. Àwọn òyìnbó tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ náà ń wọ ìbòmú ńlá kan tó ní agolo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, Ìkòyí ni wọ́n sì ń sùn, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tó ń fi ọwọ́ la bátìrì kò ní ìbòmú kankan. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á tò, wọ́n á gba agolo mílíìkì kọ̀ọ̀kan, pé òun ni yóò fọ ohun tí wọ́n ti fà símú. Ẹ sì mọ àwa náà, gbogbo wa la gbà gbọ́ pé mílíìkì ń pa májèlé. Bàbá nìkan ni kò gbà. Nígbà tí Kérésìmesì dé, ilé iṣẹ́ náà fi páálí mílíìkì ránṣẹ́ sí lánlọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mú tiwa wá. Bàbá gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ọmọlanke, wọ́n tì í padà lọ sí géètì ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí géètìmáànù jíṣẹ́ kan fún ọ̀gá rẹ̀: "Bí mílíìkì bá ń fọ ẹ̀dọ̀fóró, kí òun náà bọ́ ìbòmú rẹ̀, kó wá mu tiẹ̀."

Àdúgbò rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo rò pé kò sí akọni bíi bàbá mi àgbà lágbàáyé.

Ó wá ku pátákó kan. Ara géètì ilé Bàbá ló wà, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó kọ́ ìwé kíkà. Ohun tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sí i ni pé: FÚLÁÀTÌ WÀ. YORÙBÁ ONÍGBÀGBỌ́ NÌKAN. AJẸ́ǸTÌ MÁ WÁ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé, Bàbá á bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ìlú wo, ṣọ́ọ̀ṣì wo, iṣẹ́ wo. Ẹni tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á wo gìgísẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin aláṣọ kan wá láti Ìṣẹ́yìn, Yorùbá rẹ̀ dùn bí oyin, Mùsùlùmí ni. Bàbá ní ilé àwọn sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì jù fún un. Ìjẹ̀bú kan wá, Onígbàgbọ́ ni, Bàbá ní Ìjẹ̀bú fẹ́ràn àríyá jù. Fúláàtì ẹ̀yìn ṣófo fún oṣù méje, òun nìkan sì ni ògiri àti igi máńgòrò ńlá bò lọ́wọ́ ẹ̀fín, eérú kì í débẹ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n fi fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lè sanwó, wọ́n fi ojú burúkú wò mí. "Àjèjì ò fẹ́ ilé, ilẹ̀ ló fẹ́. Bó bá wọlé, onílé ló máa di àlejò."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: èmi tí mo kàwé, tí mo ń bá Bàbá ka áńkáṣífù, mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó yẹn lójoojúmọ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó dà bí òórùn ilé ẹni, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ kì í gbọ́ ọ.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Ngozi wọlé. A kò tíì mọ̀ pé Ngozi ni. Ẹgbẹ́ mi ni, ó fi gèlè kékeré wérí, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ulé o, Bàbá."

Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì sára. Ọmọ Ìkọ̀lé Èkìtì ni Bàbá, láàárín gbogbo àwa ọmọ-ọmọ wọn, kò sí ẹnì kan tó lè pe ilé ní "ulé" láìjẹ́ pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin yìí sì ń sọ ohùn Ìkọ̀lé bí ẹni tí wọ́n fi omi ibẹ̀ wẹ̀. Ó ní Ìkọ̀lé ni wọ́n ti tọ́ òun, pé bàbá òun ló ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ọjà. Bàbá mọ ṣọ́ọ̀bù náà! Odindi wákàtí kan ni wọ́n fi rántí Ìkọ̀lé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pa òwe. Bàbá yíjú sí mi. "Ṣé o gbọ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń sọ̀rọ̀? Ìwọ tí o ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò." Wọ́n ní kí n lọ mú iṣu kan wá fún un nínú èyí tí wọ́n gbé wá láti ilé.

Ìbéèrè mẹ́ta, Bàbá kò bi í ní ọ̀kan. Gìgísẹ̀, wọn kò wò ó. Ohùn nìkan ti tó.

Ó wá sọ ohun tó bá a wá. Yàrá kan tó fẹ̀yìn ti ògiri ilé iṣẹ́ bátìrì ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Èémí ọmọ náà máa ń há, á máa fọn bíi fèrè, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti sáré gbé e lọ sí ọsibítù láàárín oṣù kan. Dókítà ti sọ ọ́ láìfi bò: bí wọn kò bá kúrò níbẹ̀, kí ó má wulẹ̀ gbé e wá mọ́. Gbogbo ilé tó lè gbà ni wọ́n ti ní àwọn kò fẹ́ irú rẹ̀. Bàbá kò béèrè irú wo. Wọ́n mú un lọ sí fúláàtì ẹ̀yìn, wọ́n ní àwọn máa pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé nítorí ọmọ náà. Wọ́n padà dé, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún un. Ó kọ orúkọ rẹ̀: Ngozi Okafor.

Bàbá wo ìwé náà. "Okafor. Orúkọ ọkọ rẹ nìyẹn?"

"Rárá o, Bàbá. Ti bàbá mi ni. Ígbò ni wá."

Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un nù. "Họ́wù, orí àgbà. Mo ti gbàgbé pé ẹnì kan ti gba fúláàtì yẹn ní àná."

Ngozi wo ojú wọn, ó wo ojú mi, mo wolẹ̀. Ó gbé iṣu náà padà sórí tábìlì, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ó dàbọ̀." Ohùn Ìkọ̀lé náà ló fi sọ ọ́. Iṣu yẹn ni a gún níyán ní ọ̀sán, Bàbá kò jẹ ju òkèlè méjì lọ. Wọ́n ní, "Èmi kọ́ ni mo dá ayé bẹ́ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù pe ilé iṣẹ́ náà sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá òyìnbó wá fúnra rẹ̀, ìbòmú ń fì lọ́rùn rẹ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ń ṣe ògbufọ̀. Bàbá ti da àpótí áńkáṣífù kan sórí tábìlì. Wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn! Wọ́n ní ṣé wọ́n lè kọ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí Ìkòyí? Wọ́n ní kí ló dé tí ìbòmú fi mọ àwọ̀? Wọ́n ní, "Ẹ rí wa bí ẹni tí imú rẹ̀ kì í ṣe imú." Gbọ̀ngàn ń hó. Ògbufọ̀ ní ọ̀gá ń béèrè ẹlẹ́rìí, pé gbogbo òṣìṣẹ́ òun ní ìbòmú. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ta ló fẹ́ kí wọ́n lé òun?

Ngozi dìde. A kò mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó ní ọdún méjì ni òun ti ń la bátìrì níbẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú kí gbogbo èèyàn rí i bí ásíìdì ṣe jẹ ẹ́. Ó ní ọjọ́ tí òun béèrè ìbòmú, wọ́n ní ti àwọn ọ̀gá ni. Ó ní mílíìkì Jímọ̀ ni òun ń gbé lọ fún ọmọ òun, ọmọ náà ń mu ún, ó ń wúkọ́.

Òyìnbó náà rọra rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá ní kí n bi Bàbá léèrè. Wọ́n ní bí àánú obìnrin yìí bá ń ṣe Bàbá tó bẹ́ẹ̀, ṣebí fúláàtì kan ṣófo nílé Bàbá? Wọ́n ní àwọn rí pátákó kan ní géètì bí àwọn ṣe ń bọ̀, mo sì bá wọn túmọ̀ rẹ̀."

Ilẹ̀ gbé gbogbo wa mì, bẹ́ẹ̀ la sì jókòó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kó áńkáṣífù padà sínú àpótí. Ngozi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fín la wá sọ. Ti ilé, àárín èmi àti bàbá mi ló wà." Ó wá kọjú sí Bàbá, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀fín kò béèrè ìlú mi kó tó wọ ulé mi o."

Ìpàdé tú, èmi àti Bàbá ń rìn lọ sílé. Ìgbà tí a dé géètì ni wọ́n dúró, wọ́n ka pátákó náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí," ni wọ́n wí. "Ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá wọ kákí iṣẹ́ wọn àtijọ́. Bọ́tìnì ikùn kò dé, wọ́n fi pín-ìnnì dì í. Wọ́n mú páàdì nótíìsì tí wọ́n gbé kúrò ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì, èyí tí kì í ṣe olè jíjà nítorí pé Bàbá ló ṣe é. Wọ́n jáde síta, wọ́n kan géètì ara wọn, wọ́n dúró, wọ́n wọlé. Wọ́n yẹ ilé wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n wá jókòó, wọ́n kọ ọ́ pé: Sí Onílé. Ohun tí a bá níbí: ìdọ̀tí. Ibi tó wà: ara géètì. Onílé gbọ́dọ̀ mú un kúrò láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, wọ́n wọlé lọ bọ́ kákí, wọ́n wọ bùbá, wọ́n jáde wá bí onílé, wọ́n kà á, wọ́n mi orí. "Wolé-wolé yìí mà le o."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá ti ń yọ ìṣó pátákó náà, nítorí náà mo bá wọn dì í mú.

Wọ́n fi ọ̀pá wọn rìn dé yàrá Ngozi. Wọ́n ní, "Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ilé ṣófo. Jọ̀ọ́, ọmọ mi." Ngozi kò fò mọ́ wọn lọ́rùn o. Ó ní, "Ẹ jókòó ná, Bàbá," ó fa àga fún wọn lẹ́bàá ògiri tó gbóná, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá jókòó. Wọ́n wúkọ́, wọ́n tún wúkọ́, omi bọ́ lójú wọn. Amara, ọmọ náà, wà lórí ẹní, àyà rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ti wúkọ́ tó, Ngozi ní òun máa kó wá ní Sátidé. Bàbá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Ó kọ nótíìsì tiẹ̀ fún mi. Mo gbà á."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ayé wá dára. Ilé iṣẹ́ náà lé Ngozi lọ́jọ́ kejì ìpàdé, aṣọ ilé ìwé ló ń rán báyìí nítòsí òpópónà Àgọ́ Palace. Fún ti ẹ̀fín, wọ́n kun ògiri wọn ní àwọ̀ ewé, wọ́n gbin òdòdó síwájú rẹ̀, òdòdó náà sì kú. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta nìyí, a kò gbé Amara lọ sí ọsibítù nítorí èémí mọ́. Títí Bàbá fi kú, wọ́n ń yẹ etí rẹ̀ wò láràárọ̀, wọ́n ń bá ìyá rẹ̀ jà nítorí ìdérí ìkòkò, ohùn Ìkọ̀lé ń ròkè láti ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé wọn kò tíì gbádùn ìjà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ikọ́ ló mú Bàbá lọ, nígbà ọyẹ́. Pálọ̀ ni wọ́n ń sùn, wọn kò ní ògiri tàbí igi máńgòrò tó bò wọ́n. Mo sunkún títí ohùn mi fi lọ. Ilé iṣẹ́ náà fi òdòdó ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́, pẹ̀lú páálí mílíìkì kan. Ngozi gbé e sórí ọmọlanke, ó tì í padà, kò sẹ́ni tó rán an.

Àkọ́bí Bàbá, tí gbogbo ìdílé ń pè ní Dádì Lọ́ńdọ̀nù, wálé sin wọ́n. Nígbà àìsùn, wọ́n dìde sọ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ayé wọn lọ́hùn-ún: bí wọ́n á ṣe pe onílé lórí fóònù, onílé á ní yàrá wà, bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà tó rí àwọ̀ wọn, á ní ẹnì kan ti gbà á ní àná. Wọ́n sọkún. Gbogbo wa pòṣé. Ọjọ́ kejì ìsìnkú, wọ́n jókòó sórí àga Bàbá, wọ́n ní, "Look, Fúnmi, mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n obìnrin ẹ̀yìn yẹn, kó máa wá ibòmíràn lọ. Ará wa ló yẹ kó wà níbẹ̀. Pátákó bàbá mi ńkọ́? Lọ bá mi wá a ní sítọ́ọ̀."

Mo lọ. Pátákó náà wà níbẹ̀, páàdì nótíìsì wà lábẹ́ rẹ̀, ewé díẹ̀ ló kù. Mo ń gbọ́ Amara tó ń sáré kiri lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń sáré, kò dúró mí. Mo jókòó sórí àpótí áńkáṣífù, mo kọ ọ́: Sí Onílé tuntun. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá tí Dádì ń sùn, mo gbé pátákó tì í.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Dádì yọ ìwé náà lára ilẹ̀kùn.

"Ta ló kọ èyí?"

"Wolé-wolé ni, sà."

"Ìdọ̀tí wo?"

"Èyí tí wọ́n fi lé yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ní Lọ́ńdọ̀nù, Dádì."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé wọ́n máa gbá mi létí. Wọ́n tún un kà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n jáde, wọ́n gbé pátákó náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi ẹsẹ̀ là á sí méjì, wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ààrò Ngozi.  Ngozi tì í sínú iná, ó gbé iṣu kaná.

Nígbà tí iyán délẹ̀, Dádì jókòó. Amara gbé omi ìfọwọ́ wá, ó kúnlẹ̀. Dádì ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n fà á yọ, wọ́n na ọwọ́ sí iyán. Ọmọ náà di ọwọ́ wọn mú, ó yí i padà, ó yẹ èékánná wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ohùn Ìkọ̀lé ní kí wọ́n tún un fọ̀.